Ìjàpá Tó Bí Ẹṣin

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ayẹyẹ fíríìdọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Badagry

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ọmọ yín ń gba fíríìdọ̀mù lónìí, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹ̀yin tí ọjọ́ òní jẹ́ tiyín gan-an, Ògún á máa ṣe alátìlẹ́yìn yín, irin ò ní í gé yín lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi pè mí ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwúlò iṣẹ́ ọwọ́ láwùjọ. Mo gba ìwé náà tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ mi ò ní í sọ ọ́. Ẹni tó ti fara gba epo àti eruku títí tó fi kọ́ṣẹ́ parí kò tún nílò kí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wá máa ròyìn ìwúlò iṣẹ́ fún un. Ọkọ̀ ni mo wá sọ. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, àti ọkọ̀ asáré, èyí tí wọn ò ṣe torí ẹrù, tí wọn ò ṣe torí èrò, tó jẹ́ pé nítorí kí inú ẹni tó di sítíárìn mú lè dùn nìkan ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó mọ̀ mí ní Badagry mọ̀ pé àìsàn mi nìyẹn. Ìyàwó mi ló jókòó sí iwájú yẹn tó ń mi orí. Òun gan-an ló mọ bó ṣe ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì wa. Bí ẹ bá ti Mile 2 ń bọ̀ wá sí Badagry, kí ẹ tó dé Ìyànà Ìbà, ibùdókọ̀ kan wà tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pè ní Volks. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lónìí ò mọ ohun tó fún ibẹ̀ lórúkọ. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ni, ní Ọ̀jọ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀: Beetle tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, Passat, àti Igala tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Brazil. Ọdún kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ fi orúkọ méjèèjì yẹn sọ́kàn, Volkswagen àti Peugeot, torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ mi máa yí sí.

Ìjàpá yìí, ọkọ Yánníbo orí títì, ọwọ́ Ferdinand Porsche ló ti jáde, nígbà tí ìjọba Hitler ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí apá mẹ̀kúnnù á ká. Porsche gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ó tẹ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì, ó wá fi atẹ́gùn tù wọ́n. Kò sí rádíétọ̀. Kò sí pọ́ǹpù omi, kò sí hóòsì, kò sí ohun tó máa hó lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi dúró ti ọkọ̀ rí lọ́sàn-án gangan, tó ń dúró kí ìdérí rádíétọ̀ tutù, mọ oore tí ọkùnrin yẹn ṣe. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló jí ilé iṣẹ́ náà dìde ní Wolfsburg, nílẹ̀ Jámánì. Ní oṣù kejì ọdún 1972, Ìjàpá gba adé lórí Ford Model T gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe jù lọ láyé. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, nílẹ̀ Mẹ́síkò, lọ́jọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, iye wọn ti di 21,529,464.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ gan-an, ọdún 1948 ló bẹ̀rẹ̀. Ferry, ọmọ Porsche, wà ní abúlé kan tó ń jẹ́ Gmünd nílẹ̀ Austria. Ogun ti tú ilé, owó ò sí, páàtì ò sí. Ó fẹ́ ṣe ọkọ̀ asáré tó máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Kí ló fi ṣe é? Ìjàpá ló tú. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, búrèkì Ìjàpá, sítíárìn Ìjàpá, ẹsẹ̀ Ìjàpá. Ó wá lu páànù aluminiọ̀mù lé e lórí, tòótọ́ ni mo sọ, ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú. Ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀lì bíìtà tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ jókòó dáadáa: iṣẹ́ yín ni wọ́n fi bí Porsche. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan tó tẹ irin. Òòlù ni, igi tí wọ́n gbẹ́ sí ìrísí ọkọ̀ ni, ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n lù ni.

Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 25 nínú Ìjàpá ìgbà yẹn, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní họ́ọ̀sì-páwà, wọ́n tún un ṣe títí ó fi di 35. Ọkọ̀ náà wọn kílò 585. Ó sáré dé 135 kìlómítà ní wákàtí kan. Wọ́n pè é ní 356. Láti 1952 ni àmì kan sì ti wà lára sítíárìn ọkọ̀ Porsche, ní 1954 ni wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀. Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa, ẹṣin ìlú Stuttgart, ìlú ilé iṣẹ́ Porsche, ló wà níbẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi ọkọ̀ yangàn fún yín. Ẹ gbé ìwọ̀n ọkọ̀, ẹ pín in sí agbára ẹṣin. Ẹ ó mọ iye ẹrù tó já lé ẹṣin kọ̀ọ̀kan lórí. Nínú 356 àkọ́kọ́, ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi kílò 17. Ní 1972, Porsche ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní 911 Carrera RS. 500 péré ni wọ́n pète láti ṣe kí wọ́n lè fi wọ ìdíje. 1,580 ni wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn torí àwọn ènìyàn ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn wọn kílò 960, ó ní ẹṣin 210. Ẹ pín in: kílò 4 àti àbọ̀ lé díẹ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe mú un fúyẹ́. Wọ́n lo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n yọ aago, wọ́n yọ ohun tí à ń gbọ́wọ́ lé lára ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi okùn rọ́pò ohun tí à ń fà ṣílẹ̀kùn láti inú. Àwọn olówó san owó tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ kí wọ́n lè gba ọkọ̀ tí nǹkan inú rẹ̀ kéré ju ti ẹlòmíràn. Ìyá mi ì bá ti ní wọ́n lu wọ́n ní jìbìtì ni.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi fóònù hàn mí pé, "Bàbá, ẹ wo Bugatti Veyron, ẹṣin 1,001!" Òótọ́ ni. Ọdún 2005 ló jáde, ó sì sáré dé 407 kìlómítà ní wákàtí kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká pín in. Kílò 1,888 ni ọkọ̀ náà wọn. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gbé kílò 1.9. McLaren F1 tó ti wà ṣáájú rẹ̀ ní ẹṣin 627, ó wọn kílò 1,138: ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gbé kílò 1.8. Ẹrù ẹṣin tó kéré níye ló wá fúyẹ́ jù! F1 yìí sì ti sáré dé 386 ní 1998. Ẹṣin 374 ni Veyron fi lé e, 21 kìlómítà péré ló rí he. Atẹ́gùn ló fà á. Bí o bá fẹ́ sáré ní ìlọ́po 2, agbára ìlọ́po 8 ni atẹ́gùn máa gbà lọ́wọ́ rẹ kó tó yà fún ọ. Bí mo bá rí Veyron, mo máa kí àwọn onímọ̀ tó ṣe é, mi ò sì ní í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi. McLaren ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ bi mí. Wúrà gidi ni wọ́n fi tẹ́ inú ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kó lè máa da ooru padà. 106 péré ni gbogbo èyí tí wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ Ìjàpá. Ní 1963, Porsche gbé ọkọ̀ tó máa rọ́pò 356 lọ sí pàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt. Sílíńdà 6 ni báyìí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣì wà lẹ́yìn, ó ṣì tẹ́ sílẹ̀, atẹ́gùn ló ṣì ń tù ú. Ẹṣin 130. Orúkọ tí wọ́n fún un ni 901. Ibẹ̀ ni Peugeot ti dìde: àwọn ló ni òfo àárín nílẹ̀ Faransé, 403, 404, wọn ò sì ní í gbà kí ẹlòmíràn lò ó. Porsche ò janpata. Wọ́n yọ òfo, wọ́n fi 1 sí i, ó di 911, orúkọ tí ọmọdé máa ń kọ sára ògiri báyìí. Pijó tí bàbá yín fi ń ná ọjà ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ tó ń jẹ́.

Pijó tún bá a pàdé lójú pápá. Ìdíje kan wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Safari, nínú eruku àti ẹrẹ̀ Kẹ́ńyà, tó máa ń fọ́ ọkọ̀ ju bí ó ṣe ń yan olúborí lọ. Peugeot 404 gbà á ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Ní 1975, ọdún tí Kàdúná bẹ̀rẹ̀, 504 ló gbà á. Porsche náà ń bọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú 911. Ní 1974 ó ṣe ipò kejì. Ní 1978 ó tún padà wá, ó tún ṣe ipò kejì. Ta ló ṣe ipò kìíní? Peugeot 504, èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì àti sílíńdà 6. Mo máa ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi 504 ṣẹ̀sín lójú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, sìpírínì rẹ̀ rọ̀, ikùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, ó ń gba kòtò mọ́ra. Ẹṣin Porsche pọ̀ tó, àmọ́ ilẹ̀ Kẹ́ńyà ò béèrè ẹṣin nìkan.

Ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ní ìṣe tiẹ̀, kí ẹni tó bá máa wa Ìjàpá tàbí 911 mọ̀ ọ́n. Bí o bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré jù, tí àyà rẹ já, tí o yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù lójijì, ìwọ̀n ọkọ̀ á ṣí síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́ nílẹ̀, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ dé ibi tí ò ń lọ kí orí tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bẹ́ sínú igbó pẹ̀lú 911 àkọ́kọ́. Porsche fúnra wọn kọ́kọ́ lọ kó irin wúwo pamọ́ sínú bọ́ńpà iwájú kó lè tẹ orí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ó yẹ kẹ́ ẹ rín in. Fún ọkọ̀ ọdún 1969 ni wọ́n tó ṣe ohun tó yẹ, wọ́n sún táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn ní mílímítà 57. Àṣírí wíwà á kò le: fi búrèkì bu eré kù kí o tó dé kọ́nà, lẹ́yìn náà kí ẹsẹ̀ rẹ wà lórí tọ́tù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí wàá fi jáde. Atẹ́gùn ló tu ẹ́ńjìnnì yẹn títí di 1998. Òfin èéfín àti ariwo ló lé wọn sídìí omi.

Mo dé ibi tó ń dùn mí báyìí. Ìjàpá tó kù ní agbègbè wa ò tó nǹkan mọ́, tí iyọ̀ ń jẹ wọ́n. A jókòó sáàárín ọ̀sà àti òkun. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti etíkun, irin ló ń bá jà. Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, àsídì rẹ̀ ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òjò ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọkọ̀ á dá lu. Má ra Ìjàpá láìgbé àga ẹ̀yìn yẹn sókè wò. Porsche gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ ìpáta: àyàfi ní 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínńkì bo irin 911, èyí tó ṣáájú ìgbà yẹn ń jẹrà bí i tiwa. Bí ìpáta bá ti mú ọkọ̀, àwọn onírin àlòkù á dé, wọ́n á na owó kékeré sí ẹni tó ni ín, orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ aluminiọ̀mù á lọ di ìkòkò ọbẹ̀. Mi ò bínú sí onírin. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwa tí a mọ̀ ọ́n tún ṣe tí a jókòó ni mo ń bínú sí. Èyí tó bá sì lọ, kò rọrùn láti rí arọ́pò. Gbogbo wa mọ bí tòkúnbọ̀ ṣe ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kútọ́nu láyé ọjọ́sí, tí ọkọ̀ arẹwà kan máa ń fara pamọ́ sáàárín àwọn Kọ̀rólà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ ṣókí fún àwọn tó ń gé sáìléńsà, tí wọ́n ń fi Hóńdà já ojú títì gba lóru láti Àgbárá. Ariwo kì í ṣe eré. Ọkọ̀ tó ń sá 120 gbé ìlọ́po 4 agbára tó wà nínú èyí tó ń sá 60, búrèkì náà á sì gba ìlọ́po 4 ọ̀nà kó tó dúró. Ẹ wo ara táyà tòkúnbọ̀ tí ẹ ń rà. Nọ́ḿbà mẹ́rin wà ní ìparí ìlà lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2311 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011. Táyà bẹ́ẹ̀ lè ní ojú tó jinlẹ̀ dáadáa kó sì ti gbó láti inú. Bí fọganáísà bá ní "bàbá, kò ì jẹ rárá", ka nọ́ḿbà yẹn sí i létí.

Ọmọ iṣẹ́ kan nawọ́ níbẹ̀ yẹn. Kí lo wí? Ó ní ṣé ó dára kéèyàn gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sínú Ìjàpá kó lè sáré.

Ọmọ mi, bí ọkọ̀ bá jẹ́ tìrẹ, kò sẹ́ni tó máa mú ọ. Àmọ́ gbé e yẹ̀ wò. Wàá gé ihò fún rádíétọ̀ níwájú, wàá fa páìpù omi láti orí dé ìdí, wàá di ẹrù tó wúwo lé ìdí tó ti wúwo tẹ́lẹ̀, jíà Ìjàpá ni yóò sì máa gba ìyà agbára tí wọn ò ṣe é fún. Búrèkì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní 1200, 1300, 1500 àti 1600, èyí tó jẹ́ 1600 sì ń wọ inú ọkọ̀ 1300 láìjẹ́ pé ẹ gé irin kankan. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, tọ́jú rẹ̀. Líítà 2 àti àbọ̀ péré ni epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sì ní fílítà gidi, asẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Bí o bá ti rin 5,000 kìlómítà, da á nù. Àlàfo kọ́ńtáàkì pọ́ìnì, mílímítà 0.4. Àlàfo fáàfù, mílímítà 0.15. Sílíńdà kẹta ni kó o máa bẹ̀rù jù, torí pé nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1971, kúlà epo, ohun tó ń tu epo ẹ́ńjìnnì, ló dúró dí i, atẹ́gùn tó ń kàn án ò tó, fáàfù èéfín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jóná.

Inú ẹ́ńjìnnì tó bá tutù pátápátá la ti ń wọn fáàfù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé Ìjàpá tèmi sábẹ́ igi níta láti àárọ̀, tí mo padà sílé, tí mo sì fi ọ̀kadà dé ibi ìpàdé lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti tutù báyìí. Ẹ̀yin mẹ́rin tó wà ní ìlà iwájú, ẹ mú sípánà 13 àti fíílà gẹ́ẹ̀jì, irin pẹlẹbẹ tí à ń fi wọn àlàfo, ẹ bọ́ aṣọ ayẹyẹ yẹn sílẹ̀ fún ìyá yín, ká lọ ṣí i.